Tàkúté eṣinṣin tí mo so sára máńgòrò ìyá mi

Igi máńgòrò mẹ́rin ni ìyá mi gbìn sẹ́yìnkùlé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní èṣí, èso tó pọ́n nínú oṣù karùn-ún kò ṣeé jẹ. Òde rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n tí a bá là á, ìdin funfun ló kún inú rẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́, mo sáré lọ ra tàkúté yìí.

Ike olómọrí yẹ́lò ni, ó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́, owú tí wọ́n rẹ sínú oògùn olóòórùn sì wà nínú rẹ̀. Methyl eugenol ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. N3,500 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ra méjì. Mo fi gírísì pa okùn rẹ̀ kí èèrà má baà wọlé kó òkú eṣinṣin lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, mo ti ka eṣinṣin 47.

Ẹni tó tà á fún mi búra pé n kò ní rí ìdin mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Akọ nìkan ni òórùn yẹn ń fà. Abo ló ń gún èèpo èso, tó ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀, èyí tí akọ sì ti gùn kò ní ohun tó ń wá nídìí tàkúté. Èrè rẹ̀ ni pé tí akọ bá ti tán nílẹ̀, abo ò ní rí ẹni gùn ún. Ìdí nìyí tí ó fi gbọ́dọ̀ tètè wà lórí igi. Èmi so tèmi nígbà tí èso ti ń pọ́n, mo sì pàdánù.

Lọ́dún yìí, gbàrà tí òdòdó inú ọyẹ́ gbọn dànù, tí èso ò tíì tó ẹyin awó, ni mo so ó. Láràárọ̀ ni mo ń ṣa èyí tó bá já bọ́, mo ń dì í sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, mo ń sá a sóòrùn, torí inú ilẹ̀ abẹ́ igi ni ìdin ń wọ̀ lọ kó tó di eṣinṣin. Ẹ má fi ìyẹn ṣeré rárá. Àlejò ni eṣinṣin yìí, láti Éṣíà ló ti wá. Ọdún 2003 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, ní Kẹ́ńyà, nítorí náà àwọn àgbà wa ò mọ̀ ọ́n.

Igi tó kọ́kọ́ pọ́n mọ́ tónítóní. Èyí tó pẹ́ títí òjò fi dé ṣì ní ìdin, bíi méjì nínú mẹ́wàá. Ohun tó dùn mí jù ni pé ṣọ́ọ̀bù náà kì í ta owú lọ́tọ̀: tí òórùn bá ti lọ, odindi tuntun ni wọ́n á ní kí èèyàn rà. Síbẹ̀, mo ti ra mẹ́rin sílẹ̀ de ọyẹ́ tó ń bọ̀, igi kan, tàkúté kan.