Wewelsburg: ojúbọ tí Himmler ò kọ́ parí

Ẹni tó bá ń wá ilé iwin, kó gba ibòmíì lọ. Mùsíọ́mù inú ilé olódi Wewelsburg, nítòsí Paderborn ní Jámánì, kì í bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ awo àwọn Násì, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler. Ohun tí mo fi gbà pé ó dára nìyẹn.

Ilé onígun mẹ́ta ni, 1603 sí 1609 ni wọ́n kọ́ ọ. Ní 1934, Himmler, ọ̀gá SS, ìyẹn ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ológun àwọn Násì, háyà rẹ̀ fún 100 ọdún, máàkì kan péré lọ́dún.

Ẹ má tíì sáré wọ ilé ìṣọ́ àríwá. Inú ilé tí àwọn ẹ̀ṣọ́ SS ń lò nígbà náà, níwájú ọgbà, ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí àlàyé wà níbẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Karl Maria Wiligut, tó ní òun ń rántí ayé àwọn baba ńlá òun láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó ti gbé ilé ìwòsàn wèrè ní Salzburg láti 1924 sí 1927, síbẹ̀ Himmler sọ ọ́ di olùdámọ̀ràn. Òun ló ya òrùka olórí òkú tí àwọn ọ̀gá SS ń wọ̀. Àgọ́ Niederhagen, àgọ́ ìfìyàjẹni tí SS ṣí nítòsí ilé yìí, náà ńkọ́? Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ibẹ̀ ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ilé yìí. Nínú nǹkan bí 3,900, ó kéré tán 1,285 kú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá wọ ilé ìṣọ́. Yàrá ìsàlẹ̀ rí róbótó, àárín ilẹ̀ rẹ̀ jìn wọlé, ẹnu páìpù gáàsì wà níbẹ̀ fún iná tí wọn ò fẹ́ kó kú láéláé. Ìjókòó òkúta 12 yí ògiri ká, swastika, àmì àwọn Násì, wà lórí àjà. Lókè, òpó 12, àti àgbá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ 12 tí wọ́n fi mábù aláwọ̀ ewé tẹ́ sílẹ̀. “Oòrùn Dúdú” tí wọ́n ń pè é kò sí lẹ́nu SS. Ó pẹ́ lẹ́yìn ogun kí orúkọ náà tó jáde. Àwọn kan ń wá torí àmì yìí nìkan. Ohun tí mùsíọ́mù ṣe sí i ni pé wọ́n kó àpò ìjókòó rírọ̀ ńláńlá sínú yàrá náà. Ta ló máa fi ìbẹ̀rù wólẹ̀ níwájú tìmùtìmù?

Ibi téèyàn ti lè ṣìnà ni kó rò pé bí Himmler ṣe gbà gbọ́ ni Hitler náà ṣe gbà gbọ́. Ní Nuremberg ní 1938, Hitler sọ ní gbangba pé ẹgbẹ́ òun kì í ṣe ẹgbẹ́ awo. Nígbà tí Hess, igbákejì Hitler tó gba àwọn awòràwọ̀ gbọ́, fi bàálù sá lọ sí Scotland ní May 1941, àwọn awòràwọ̀ ni ìjọba kó sẹ́wọ̀n lóṣù tó tẹ̀ lé e.

Wákàtí mẹ́ta tó. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń tì í.