Accord, Infiniti G37 àbí Benz C250: èwo nínú tòkunbọ̀ ilẹ̀kùn méjì yìí ló yẹ kí ẹ kówó lé l'Ékòó?

Bí mọ́tò ilẹ̀kùn méjì bá dúró síwájú ọgbà ọkọ̀ ní Berger, lójú ọ̀nà Apápá sí Òṣòdì, tàbí lẹ́bàá ọ̀nà Lẹ́kkí, ṣàṣà lẹni tó máa kọjá tí kò ní yíjú wò ó. Ohun tí ẹni tó fẹ́ rà á kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé, "Máìlì mélòó ló ti rìn?" Ìbéèrè tó dáa ni, àmọ́ òmíràn wà tó yẹ kó ṣíwájú rẹ̀: kí ni mọ́tò yìí máa gbà lọ́wọ́ mi láàárín oṣù mẹ́fà tí mo bá rà á? Ẹ ro ìyẹn mọ́ iye tí wọ́n dá lé e, ẹ ó sì rí iye tó máa ná yín gan-an.

Mẹ́ta la fẹ́ fi wéra: Honda Accord Coupe V6 (2008 sí 2012), Infiniti G37 Coupe (2008 sí 2013) àti Mercedes-Benz C250 Coupe (2012 sí 2015). Accord ní agbára ẹṣin 268 tàbí 271, bí ọdún rẹ̀ bá ṣe rí, táyà iwájú ló sì fi ń wọ́ ara rẹ̀ lọ. G37 ní 330, táyà ẹ̀yìn ló ń ti ọ̀pọ̀ nínú wọn. C250 ní 201 péré, táyà ẹ̀yìn lòun náà ń lò. Ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 ni, táábò ló ń ràn án lọ́wọ́. Ká sòótọ́, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ojúẹlẹ́gbà, 330 àti 201 jọ ń wo ẹ̀yìn dánfó kan náà ni.

Máìlì

Máìlì kan jẹ́ kìlómítà 1.6. Mọ́tò tó ti Amẹ́ríkà wá ń ka máìlì, èyí tó ti Kánádà wá ń ka kìlómítà. Ẹni tí kò bá wo lẹ́tà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà lè rí 140,000 kó sá, bẹ́ẹ̀ máìlì 87,000 ni.

Òyìnbó tó ṣe léèdì ló ṣe ìrésà. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tún dáṣíbọ́ọ̀dù ṣe lè sọ 160,000 di 60,000 kí ẹ tó mu mínírà kan tán. Nítorí náà, VIN ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú àti lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ fi wá ìtàn mọ́tò náà lórí Carfax, ojú òpó tó ń tọ́jú ìtàn mọ́tò. Ẹyọ kẹwàá nínú VIN ló ń sọ ọdún rẹ̀: 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012. Ọdún yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Òfin Amẹ́ríkà ní kí ẹni tó ń ta mọ́tò 2011 sókè kọ iye máìlì sínú ìwé rẹ̀ títí di ogún ọdún, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá péré ni fún 2010 sísàlẹ̀. Bí ẹ bá rí "exempt" níbi máìlì lórí ìwé G37 2009, kò túmọ̀ sí pé jìbìtì wà ńbẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ síwèé jẹ́rìí sí nọ́ńbà náà. Bí mọ́tò méjì bá bára dọ́gba, tí ọ̀kan jẹ́ 2010, tí èkejì jẹ́ 2011, ti 2011 ni kí ẹ mú.

Lẹ́yìn ìwé, ẹ wo àga awakọ̀. Mọ́tò ilẹ̀kùn méjì rẹlẹ̀, etí àga tó yọ gọ̀ǹgọ̀ lápá òsì lèèyàn máa ń fi ìdí gbo nígbàkígbà tó bá ń wọlé tàbí tó ń jáde. Tí dáṣíbọ́ọ̀dù bá ń sọ 60,000, ó yẹ kí awọ ibẹ̀ hun díẹ̀ ni. Bó bá ti là, tí fóòmù abẹ́ rẹ̀ rọ̀ bí búrẹ́dì tó gbomi, tí rọ́bà bírékì ti dán lápá kan, tí awọ sítíárì sì ń kọ mọ̀nà, àga yẹn ni kí ẹ gbà gbọ́.

Máìlì kékeré náà ní wàhálà tirẹ̀. Mọ́tò 2010 tó rìn 35,000 péré ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó sójú kan: rọ́bà á gbẹ, ọ́ìlì á máa jò, táyà á gan. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn kóòdù DOT lára táyà. "1417" túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2017. Táyà tó bá ti lé lọ́dún mẹ́fà, ẹ ka owó táyà tuntun mọ́ owó mọ́tò.

Ibi tí kálukú wọn ti ń dunni

Accord V6 ń lo bẹ́líìtì táímíǹ, kì í ṣe ṣéènì. Nǹkan bíi máìlì 105,000 tàbí ọdún méje ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú wọ́tà pọ́ǹpù. Bó bá já lórí eré, písítìn á lu fáàfù, ẹ́ńjìnnì parí nìyẹn. Ìdí nìyí tí Accord tó rìn 112,000 pẹ̀lú rìsíìtì bẹ́líìtì fi sàn ju èyí tó rìn 92,000 láìní nǹkan kan lọ, kódà bí iye wọn bá dọ́gba. Ìkejì ni VCM, ètò tó ń pa àwọn sílíńdà kan nígbà tí mọ́tò bá ń lọ jẹ́jẹ́. Ó máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jẹ ọ́ìlì, kí púlọ́ọ̀gì dúdú, kí ẹ́ńjìnnì sì máa gbọ̀n. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ wò, kí mẹkáníìkì sì tú púlọ́ọ̀gì kan ó kéré tán. Èyí tó ń lo gíà ọwọ́ kò ní VCM, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n.

Ẹ̀kẹta kò ṣeé fi ṣeré. Accord ọdún wọ̀nyí wà lára àwọn tí wọ́n pè padà nítorí airbag (àpò afẹ́fẹ́ ààbò) tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe, èyí tó lè bú gbàù, kó sì da irin séèyàn lójú. Ooru àti afẹ́fẹ́ olómi ló ń ba ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́, ojú ọjọ́ Èkó gẹ́lẹ́ sì nìyẹn. Ẹ tẹ VIN sórí ojú òpó NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò mọ́tò, ọ̀fẹ́ ni, á sọ bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ kó tó kúrò l'Amẹ́ríkà.

Ti G37 wà nínú ẹ́ńjìnnì níbi tójú ò tó. Gásíkẹ́ẹ̀tì bébà kan wà lẹ́yìn ìdérí ṣéènì, lójú ọ̀nà ọ́ìlì. Bó bá ya, agbára ọ́ìlì á lọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, sìkánà, ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn mọ́tò, á sì máa mú kóòdù P0011 tàbí P0021 jáde. Gásíkẹ́ẹ̀tì náà ò wọ́n. Iwájú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n máa tú kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀ ló ń gbowó. Èyí tó ní táyà 19 tún ní ìnáwó mìíràn: 225/45 wà níwájú, 245/40 wà lẹ́yìn, ẹ ò lè gbé tiwájú sẹ́yìn. Kòtò kan ṣoṣo ní Òṣòdì tó láti tẹ ríìmù rẹ̀. Accord ní tirẹ̀, 235/45 R18 ló wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

C250 ń lo ṣéènì, àmọ́ ṣéènì ọ̀hún máa ń gùn sí i. Ohùn rẹ̀ ni ẹ ó fi mọ̀: bí wọ́n bá ta á láàárọ̀, á dún kẹrẹkẹrẹ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á wá dákẹ́. Torí náà, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má ta á kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ padà wá lọ́la. Ẹ tún ní kí mẹkáníìkì yọ wáyà àwọn mágínẹ́ẹ̀tì tó wà níwájú orí ẹ́ńjìnnì. Bí ọ́ìlì bá wà nínú ihò wáyà, ó ti ń rá lọ sínú wáyà mọ́tò nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ epo ńkọ́? Accord lè lo bẹntiróòlù lásán. Infiniti àti Benz ń fẹ́ èyí tó ga jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ oríṣi kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ilé epo wa ń tà. Kọ̀ǹpútà mọ́tò á dín agbára kù láti dáàbò bo ẹ́ńjìnnì, ẹ ò wá ní rí gbogbo ohun tí ẹ sanwó fún.

Àwọn ohun èlò inú rẹ̀

Ẹ má san kọ́bọ̀ lé owó mọ́tò nítorí àga tó ń móoru. L'Ékòó! Ohun tó yẹ kí ẹ sanwó fún ni AC tó tutù bí yìnyín nígbà tí mọ́tò dúró sójú kan, kọ́kọ́rọ́ méjì (pàápàá ti Benz), àti gíláàsì tó pé. Bí òrùlé gíláàsì bá wà, ẹ da ife omi kan sí etí rẹ̀, ẹ wò ó bóyá á jáde lábẹ́ mọ́tò. Bí kò bá jáde, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni òjò oṣù kẹfà máa gbà.

Ládìpọ̀ ní Múṣin kún fún ẹ́ńjìnnì Accord V6 àti ẹ̀yà ara C-Class. Ti G37 náà wà, ẹ̀ ń wá a díẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: ilẹ̀kùn, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn àti iná ẹ̀yìn Accord ilẹ̀kùn méjì kì í ṣe ti ilẹ̀kùn mẹ́rin. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè iye iná iwájú kan àti gíláàsì ilẹ̀kùn kan ní Ládìpọ̀.

Ọjọ́ ìyẹ̀wò

Àárọ̀ ni kí ẹ lọ. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì ta á: iná ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ yọ, kó sì kú lẹ́yìn tó bá ta. Bí kò bá yọ rárá, ẹnì kan ti yọ ọ́ sọnù. Ẹ fi sìkánà wo ibi "readiness". Bí ọ̀pọ̀ bá jẹ́ "not ready", ó jọ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ nítorí yín ni. Ẹ tan AC, kó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ máa wo ooru ẹ́ńjìnnì àti bóyá fáànù ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e gba orí Third Mainland Bridge kí ẹ lè mọ bí gíà ṣe ń wọlé. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó dé òpin: bí ẹrẹ̀ bá wà ní ìdí rẹ̀, mọ́tò náà ti wọ àgbàrá rí.

Ẹni tó fẹ́ máa fi lọ síbi iṣẹ́ láti Ìkẹjà sí Erékùṣù lójoojúmọ́, Accord ni tiẹ̀, bí bẹ́líìtì àti airbag bá ti kúrò lọ́rọ̀. Ẹni tó ní mọ́tò kejì, tó sì mọ mẹkáníìkì Nissan gidi (Nissan ló ń ṣe Infiniti), kó ra G37, 2011 sókè. Benz yìí rẹwà jù wọ́n lọ, àga rẹ̀ sì tuni lára, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè ya ìdá 15 nínú 100 owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, kó jẹ́ kó lọ. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ fi VIN ara mọ́tò wé ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí owó tó kúrò ní báǹkì.