Nike Centre l'Óṣogbo: ibẹ̀ ni mo ti rí ẹni tó dì mí lọ́wọ́ mú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá mẹ́ntọ̀ kiri orí fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná kí n sọ tèmi. Lọ́dún tó kọjá mo sanwó fún ẹnì kan lórí WhatsApp tó lóun máa tọ́ mi sọ́nà nídìí iṣẹ́ àdìrẹ, oṣù mẹ́ta gbáko, fọ́ìsì nóòtì lásán ló ń fi ránṣẹ́, kò bojú wo iṣẹ́ ọwọ́ mi rí. Ó dùn mí wọra. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní kí n gba Òṣogbo lọ, kí n wá Nike Centre kàn.

Màmá Nike Davies-Okundaye ló dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1983, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ níbẹ̀, àdìrẹ, bàtíìkì, igi fífín. Màmá fúnra wọn, ọ̀dọ̀ ìyá wọn àgbà ni wọ́n ti kọ́ aró, bóyá ìdí nìyẹn tí wọn ò fi fiṣẹ́ pa mọ́ fẹ́nì kankan.

Àǹtí tí wọ́n fi mí sí lọ́wọ́ ò lọ́rọ̀ lẹ́nu. Wọ́n fún mi ní ìyẹ́ adìẹ pé kí n fi ẹ̀kọ láfún, èyí tí kì í jẹ́ kí aró wọ aṣọ, ya òpó gbọ̀ngàn Mápó n'Íbàdàn sórí aṣọ, bátànì àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn yẹn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ẹ̀kọ ń kán sílẹ̀ tó tó tó, wọ́n kàn dìde wá sẹ́yìn mi, wọ́n di ọwọ́ mi mú, àwa méjèèjì jọ fa ìlà kan ṣoṣo, wọ́n ní "má tẹ̀ ẹ́, jẹ́ kó máa lọ fúnra ẹ̀". Ìlà kan yẹn ju gbogbo ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta lọ, mo fẹ́ẹ̀ sunkún. Lọ́jọ́ tá a rẹ aṣọ náà, mo fà á yọ nínú aró mo rí i tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ewé tútù, àyà mi já, mo ti gbà pé mo bà á jẹ́ nìyẹn, Àǹtí ní kí n sá a sórí okùn kí n ní sùúrù, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, ó ń di búlúù díẹ̀díẹ̀ lójú mi báyìí!

Ẹni tó bá máa lọ, kó fàyè sílẹ̀, ọjọ́ kan ò tó rárá, kó sì wọ ògbólógbòó aṣọ torí aró kì í ṣí bọ̀rọ̀. Ẹni tó wà l'Ékòó lè kọ́kọ́ yà sí gálárì wọn ní Lẹ́kí ná kó fojú rí iṣẹ́.

Èmi ti padà sílé, mo ṣì ń fi fọ́tò iṣẹ́ mi ránṣẹ́ sí Àǹtí. Lánàá ni wọ́n pè mí, wọ́n ní òpó kẹta wọ́, kí n tún un yà.