Jeep Wrangler lẹ́yìn RV: èyí gan-an ni mo fara mọ́

Ẹ̀yin ará wa l'Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ ti ra RV (mọ́tò ńlá tó dà bí ilé, téèyàn lè máa sùn nínú ẹ̀), tẹ́ ẹ wá ń wá mọ́tò kékeré tá á máa tẹ̀ lé e, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ á máa yí nílẹ̀, ẹ má kàn so èyí tó wà nílé mọ́ ọn o. Ọ̀pọ̀ ọtọmátíìkì ló jẹ́ pé tí ẹ́ńjìnnì ò bá ti ṣiṣẹ́, epo ò ní yí kiri nínú gíábọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ó ti jóná nìyẹn. Honda CR-V títí dé ti 2014 ṣeé fà, àmọ́ látorí 2015 tí wọ́n ti ki CVT (irú gíábọ́ọ̀sì ọtọmátíìkì kan) sí i, Honda ní ẹ má dán an wò. Wrangler ní tiẹ̀, ẹ fa ọ̀pá four-wheel tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá gíà bọ́ sí N (ó máa ń le díẹ̀, ẹ fagbára fà á), ẹ fi gíà sí P, ẹ máa lọ, àbí kí la tún ń wá? Lóòótọ́ ariwo atẹ́gùn pọ̀ nínú ẹ̀, ó sì wúwo, torí náà ẹ wo ìwúwo tí hitch yín (irin ìdí RV tá a ń so mọ́tò mọ́) lè gbà. Owó tow bar (ọ̀pá irin tó so mọ́tò pọ̀ mọ́ RV) àti ti bíréèkì àfikún ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn o, ìyẹn ò sí nínú owó mọ́tò. Ìwé tó bá mọ́tò wá ni kẹ́ ẹ kà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnu dídùn àwọn tó ń tà á sílẹ̀.