Ẹ̀yin òbí ọmọ Àgùdà tẹ́ ẹ fẹ́ràn fíìmù: ohun tí mo rí nínú rífíù OSV News

Sátidé kan báyìí, mo kó àwọn ọmọ mi méjèèjì lọ sí sinimá kan n'Ìbàdàn, èyí ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 9, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin jẹ́ 14, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo ti ra gúgúrú, fíìmù ò tíì lọ tó ogún ìṣẹ́jú tí mo ti ń fọwọ́ bo ọmọ lójú. A dìde, a jáde, owó lọ. Owó yẹn kọ́ ló dùn mí jù o, ìbéèrè tí ọmọ mi obìnrin bi mí nínú mọ́tò ni: "Mọ́mì, ṣé kò wá yẹ ká máa wo fíìmù ayé rárá ni?" Mi ò rí èsì gidi fún un lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Houston ló fi línkì OSV News, iléeṣẹ́ ìròyìn àwọn Kátólíìkì kan l'Amẹ́ríkà, ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní ibẹ̀ lòun ti máa ń yẹ fíìmù wò kóun tó gbà káwọn ọmọ òun wò ó. Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí tí mo ti ń lò ó, kò sì tíì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, torí àwọn ìwé ìròyìn dáyósíìsì l'Amẹ́ríkà máa ń gbé rífíù wọn jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá sáà ti ní dátà á kà á.

Bó ṣe rí nìyí. Ẹ ó wá orúkọ fíìmù náà, ẹni tó kọ rífíù á sọ ìtàn ẹ̀ díẹ̀, á sọ bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe àbí wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe, àmọ́ ìparí ẹ̀ nísàlẹ̀ lèmi kọ́kọ́ máa ń kà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ohun tó wà nínú fíìmù lọ́kọ̀ọ̀kan: ìjà, ẹ̀jẹ̀, ìhòòhò, ọ̀rọ̀ rírùn, wọn kìí sì í da ọ̀rọ̀ rírùn pọ̀ mọ́ pípe orúkọ Ọlọ́run lásán, ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń ka ìyẹn, inú mi dùn sí i gan-an torí èmi ò lè fara mọ́ kí ọmọ mi máa fi orúkọ Jésù ṣe ọ̀rọ̀ ìbínú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fún fíìmù ní lẹ́tà. A-I, tọmọdé tàgbà ló lè wò ó. A-II, àgbà àti ọ̀dọ́. A-III, àgbà. L, àgbà náà kó rò ó dáadáa, torí nǹkan inú ẹ̀ máa da ọ̀pọ̀ nínú wọn láàmú. O, èyí tí wọ́n kà sí ohun tó lòdì sí ìwà rere pátápátá. Àjọ NFVCB tiwa náà, àwọn tó ń yẹ fíìmù wò fún ìjọba Nàìjíríà, máa ń fi 12, 15, 18 sára fíìmù, ó wúlò, àmọ́ òǹkà ọjọ́ orí nìyẹn, èmi fẹ́ mọ ìdí.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Láti nǹkan bí 1934 làwọn bíṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà ti gbé Legion of Decency kalẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń yẹ fíìmù wò, àwọn èèyàn á dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn ò ní wo fíìmù tó bá burú. Póòpù Pius kọkànlá kọ lẹ́tà Vigilanti Cura lórí ọ̀rọ̀ sinimá lọ́dún 1936, ó yìn wọ́n, ó sì ní káwọn bíṣọ́ọ̀bù orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan dá irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó yá Catholic News Service, iléeṣẹ́ ìròyìn àwọn bíṣọ́ọ̀bù náà, ló ń kọ rífíù yẹn, nígbà tí wọ́n ti ọ́fíìsì wọn l'Amẹ́ríkà níparí 2022 ni OSV News gbà á.

Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán wọn rèé o: wọn kìí kàn sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú fíìmù, wọ́n máa ń sọ bóyá fíìmù náà ń gbè sẹ́yìn ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún. Bí ọkùnrin àtobìnrin bá ń gbé pọ̀ láìṣègbéyàwó tí ìtàn náà sì ń ṣe bí ẹni pé kò sóhun tó burú níbẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sínú rífíù. Èsì ìbéèrè ọmọ mi nìyẹn. Àbí kí la fẹ́ ṣe sí ìtàn Dáfídì àti aya Ùráyà nínú Bíbélì? Àgbèrè wà níbẹ̀, ìpànìyàn wà níbẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ka ibẹ̀ tán tó máa rò pé Dáfídì ṣe dáadáa. Ẹni Mímọ́ Basil kọ̀wé sáwọn ọ̀dọ́ láyé ọjọ́un lórí báwọn Kristẹni ṣe lè ka ìwé àwọn Gíríìkì tó jẹ́ kèfèrí, ó ní kí wọ́n ṣe bí oyin, oyin kìí bà lé gbogbo òdòdó, èyí tó bà lé náà kìí kó gbogbo ẹ̀ lọ. Fátíkànì fúnra wọn náà, nígbà tí sinimá pé 100 ọdún ní 1995, fíìmù 45 ni wọ́n tò sínú ìwé, ti ẹ̀sìn 15, ti ìwà rere 15, ti iṣẹ́ ọnà 15, fíìmù Charlie Chaplin aláwàdà wà níbẹ̀ o! Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni fíìmù ayé, kí ni Chaplin ń wá níbẹ̀?

Ibi tó kù sí ni pé fíìmù tó ń wọ sinimá Amẹ́ríkà niṣẹ́ wọn jù, ẹ má lọ wá fíìmù Yorùbá síbẹ̀. Ó wù mí gan-an kí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀wé nínú ìjọ wa dìde ṣe tiwa, torí àwa la mọ ìyàtọ̀ láàárín fíìmù tó fi oògùn owó hàn kó lè jẹ́ ká rí bó ṣe ń ba ilé jẹ́ àtèyí tó kàn fẹ́ ká wo mọ́tò olówó ńlá tẹ́ni náà fi owó ọ̀hún rà. Fún ìgbà yìí, ìbéèrè wọn ni mo yá lò: ta ni ìtàn yìí ń gbè?

Orin ńkọ́? Lẹ́tà A-I títí dé O yẹn, ti fíìmù ni, ẹ̀rí ọkàn yín lẹ máa gbé e lé lọ́wọ́. Aládùúgbò mi kan, ṣọ́ọ̀ṣì míì ló ń lọ, ó ti kó gbogbo CD orin ayé ẹ̀ dà nù, ó sì máa ń wò mí bákan tí mo bá ń gbọ́ Ebenezer Obey ní kíṣìnì. Katikíìsì ni bàbá mi o, lẹ́yìn rósárì ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń tan rédíò, Obey ni wọ́n máa ń gbọ́ títí oúnjẹ á fi jinná, mi ò rí ọjọ́ kan tíyẹn dí wọn lọ́wọ́ Mísà ìdájí. Ní ìkórè ní páríìṣì wa, ṣebí jùjú la fi ń jó lọ síwájú! Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sí Èkó tá a tiẹ̀ fi orúkọ wọn pe ìjọ yìí, àwọn náà ló gbé kàréta, ìyẹn ijó ìgboro wọn, wá, n'Ájàṣẹ́ ní Benin wọ́n ṣì ń jó búríàn, ijó tí wọ́n ń fi ìbòjú jó, níbi àjọ̀dún Bonfim tí wọ́n fi ń yẹ́ Jésù Olúwa sí nínú oṣù January. Èyí tí mi ò gbà nílé mi lorin tó ń fi ara obìnrin ṣe ọjà tàbí tó ń yin yàhúù, ìlù ẹ̀ ì báà dùn tó o, torí ọmọ á kọrin náà mọ́ra kó tó mọ ohun tó ń sọ.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin fúnra ẹ̀ ló gbé fóònù wá bá mi, ó ní, "Mọ́mì, A-III ni o, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka nǹkan tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó ní rárá." Mo kà á. Lálẹ́ Fúráídè lẹ́yìn rósárì, nígbà tí àbúrò ẹ̀ ti sùn, a jọ wò ó, ìgbà tó parí a ò tíì sùn títí aago kan òru, à ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀.