Oṣù mẹ́ta tí mo fi lọ sọ̀rọ̀ nítorí ọwọ́ mi tí kò jọ tèmi mọ́

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, lápá Tákìé. Lọ́jọ́ kan mo jókòó nídìí maṣíìnì, mò ń rán búbá oníbàárà kan, ni mo bá wo ọwọ́ mi, kò jọ tèmi mọ́. Ó ń ti aṣọ lọ sábẹ́ abẹ́rẹ́, kò ṣìṣe, àmọ́ ṣe ló dà bíi pé mo dúró sẹ́yìn, tí mò ń wo obìnrin kan tó ń ránṣọ. Àwọn ìbejì mi ti ilé ìwé dé, wọ́n kúnlẹ̀ kí mi. Mo mọ̀ pé ọmọ mi ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò dé ọkàn mi.

Ṣáájú ìgbà yẹn, orí ló kó mi yọ nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lọ́nà Ọ̀yọ́ àtijọ́, oorun sì ti dá lójú mi. Àwọn ẹbí ní ayé ló ń ṣe mí. A gun orí òkè, a gbààwẹ̀. Ẹnì kan ta oògùn oorun fún mi, ìyẹn tún wá sọ gbogbo nǹkan di kùrukùru. Nọ́ọ̀sì kan tí mò ń ránṣọ fún ló júwe ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ènìyàn.

Arábìnrin tó gbà mí kéré sí mi lọ́jọ́ orí. "Ìyá Ìbejì, ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó." Ó mú ìwé oníbèérè 29 jáde, èyí tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ méjì, Sierra àti Berrios, ṣe ní ọdún 2000. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, Yorùbá ló fi ń bi mí. Nígbà tó bi mí bóyá ó máa ń ṣe mí bíi pé mo wà níta ara mi, ẹkún gbọ̀n mí. Àṣé ó ti ṣe ẹlòmíràn rí!

Depersonalisation ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ó ní kì í ṣe wèrè, torí mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ni, ó kàn ń ṣe mí bíi pé kì í ṣe tèmi ni. Bí ẹ̀rù bá pọ̀ jù, ọpọlọ lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ìmọ̀lára.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì, ìbéèrè ṣáá ni. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló tó yé mi. Ó ní kí n máa fa igi sínú ìwé nígbàkigbà tí mo bá wo ọwọ́ mi, tàbí tí mo já ara mi léèékánná, láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣe mí. Igi 43 ni mo fà lọ́jọ́ kan ṣoṣo! "Bí ẹ ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò yẹn lẹ fi ń jí i, mà." Bó bá ti dé, kí n má bá a jà, kí n fọwọ́ pa aṣọ: aṣọ òkè tó le gbagidi, léèsì tó ní ihò wínníwínní, àǹkárá tuntun tí sítáàṣì rẹ̀ kò tíì kúrò. Kí n máa sọ bó ṣe rí lọ́wọ́ mi, kí n sì máa bá iṣẹ́ mi lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ keje, igi náà ti di 9.

Ibi tó kù sí: ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni lẹ́ẹ̀kan, ó wọ̀ mí lára. Jẹnẹrétọ̀ wọn wà lábẹ́ fèrèsé gan-an, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ jẹ́jẹ́, mo ń pariwo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí n kò lè lọ, ẹnikẹ́ni kò pè mí. Síbẹ̀, bó bá ń ṣe yín báyìí, ẹ lọ. Ẹ ní sùúrù dé ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ó ṣì máa ń yọjú bí n kò bá sùn. Lọ́jọ́ Sátidé, àbíkẹ́yìn nínú ìbejì mi ń dirun lẹ́sẹ̀ mi, ó gbé orí lé itan mi, orí náà gbóná, ó sì wúwo.