Làbù tó yẹ àpò òróòro ìyá mi wò l'Ájàṣẹ́

Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ẹ̀dùn ọkàn mi pọ̀ ju ìyìn lọ.

Òkúta ni wọ́n torí ẹ̀ yọ àpò òróòro ìyá mi. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́ nínú ìgò fọ́mọ́lù tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́, mo há a sáàárín ẹsẹ̀ lórí sẹ́míjàn, ọ̀kadà wa, mo ń kígbe "rọra o!" ní gbogbo kòtò. Ọmọbìnrin tó gbà á kò gbójú sókè: "Ẹ sanwó ná." Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n dá fún mi, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló gbà. Ìgbà mẹ́rin ni mo ti ìsọ̀ ìránṣọ mi l'Ouando síbẹ̀ lásán.

Wọ́n wá ní jẹjẹrẹ ni, kí n mú 40,000 sẹ́fà sí i kí wọ́n lè ka iye iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀. Kí ni kíkà ọ̀hún máa ṣe fún wa? Ẹnikẹ́ni ò sọ. Mo san.

Bàbá dókítà tó ń wo máíkírósíkóòpù ló gba orúkọ wọn là. Ó ní, "Ọmọ mi, wá wò ó." Ojú aránṣọ ni mo fi wò ó: bí ẹni pé òwú rúsúrúsú já wẹ́wẹ́ sórí aṣọ aláró. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ni wọ́n. CD34, àmì kan tó wà lára iṣan ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n kùn láwọ̀ kí wọ́n lè hàn. VEGF ní tiẹ̀ ni èròjà tí jẹjẹrẹ fi ń ránṣẹ́ pe iṣan tuntun, torí kò lè tóbi láìrí ẹ̀jẹ̀ mu. Dókítà Folkman, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, ti sọ bẹ́ẹ̀ láti 1971. Níbi tí iṣan bá ti pọ̀, jẹjẹrẹ ọ̀hún sábà máa ń le.

"Ti ìyá mi ńkọ́, bàbá?"

Ó ní ó pọ̀ díẹ̀, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni oníṣẹ́ abẹ máa wò. Bí jẹjẹrẹ náà ṣe jìn tó nínú ògiri àpò náà ni, àti bóyá ó ti dé àwọn kókó tó ń sẹ́ omi ara nítòsí. Ti ìyá mi ti wọ ìpele ẹran ògiri náà: oníṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ padà lọ gé díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀ ìyá mi, kó sì kó àwọn kókó yẹn.

Gbólóhùn yẹn gan-an, owó tí mo kọ́kọ́ san ti kárí rẹ̀. Iṣan tí mo fi 40,000 kà kò yí nǹkan kan padà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ò sí lára ohun tí wọ́n lè dá padà fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni bàbá náà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan àpò owó yín. Àwa ń lọ Kútọnu lọ́jọ́bọ̀.